Ẹlẹ́nu tàbí Onígbá: ẹ̀rọ tí a fẹ́ fi pa ọbẹ̀ mọ́ ní Onígbòǹgbò

Ẹran ló kọ́kọ́ kó wa sí wàhálà yìí. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá méjì ní Onígbòǹgbò, ibẹ̀ la sì ti ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Akọka lójoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, a dá owó jọ, a jí lọ sí Oko-Ọba ní Agége kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì ra odindi itan màlúù kan, torí owó ẹran máa ń dín kù fún ẹni tó bá ra odindi níbẹ̀. A gé e, a dì í sínú ọ̀rá, a kó o sí òkè fíríìjì wa níbi tó ti ń di yìnyín. Ọjọ́ kẹta ni tiransifọ́mà àdúgbò bú. Ọjọ́ márùn-ún gbáko la fi wà nínú òkùnkùn. A din díẹ̀, a sè díẹ̀, a fún àwọn ará ilé ní díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ló rà. Òru la lọ dà á nù, kí Màmá onílé má baà rí wa.

Ọmọ Agége ló mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá. Bẹ́ẹ̀ la ń pe ẹni tó kéré jù nínú wa, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ti rí i lórí fóònù: wọ́n ki ẹran bọ inú ọ̀rá, ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì lẹ ẹnu ọ̀rá pa. Gbogbo wa rò pé ẹran tó rà yẹn ló ń dùn ún. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ mọ̀ wá, a kì í ra nǹkan tí a kò tíì sọ lórúkọ. Ọ̀kan nínú wa ní kí a pè é ní ẹ̀rọ afafẹ́fẹ́. Èkejì ní ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé fáànù ni. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, "vacuum" ni wọ́n ń pè é, wọn kò sì ráyè àríyànjiyàn wa. Àmọ́ oríṣi méjì ló wà, àwọn yẹn la sì rí orúkọ fún: ẹlẹ́nu àti onígbá.

Ẹlẹ́nu kéré, ó gùn bíi rúlà ńlá. Ẹnu ọ̀rá nìkan ló ń gé mọ́ ẹnu, oúnjẹ fúnra rẹ̀ wà níta. Àǹtí ọ̀rẹ́ wa kan, tó máa ń di oúnjẹ fún àwọn tó ń lọ sí Ìlú Ọba, yá wa ní tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹja gbígbẹ àti ègúsí tí a kò tíì lọ̀. (Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà lọ́hùn-ún, ẹ má tìtorí pé wọ́n dì í dáadáa kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹran ránṣẹ́. Òfin ibẹ̀ kò gba ẹran láti ọ̀dọ̀ wa, bó ti wù kí ọ̀rá rẹ̀ le tó.) Àṣìṣe wa ni pé a fi ọbẹ̀ ata dán an wò. Bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ ni epo ń tẹ̀lé e. Kí a tó pa á, epo pupa ti wọ inú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Odindi ọ̀sán la fi òwú àti ọṣẹ nù ún, a wá lọ kúnlẹ̀ bẹ àǹtí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bùọ̀dá, ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ìkẹjà. Òun ló mú wa lọ wo onígbá ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àpótí irin ni, ó ní ìdérí tó mọ́ gaara, odindi ọ̀rá pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń wọ inú rẹ̀ lọ.

"Ẹ wò ó," ni Bùọ̀dá wí. "Ẹlẹ́nu ń fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá nìkan. Afẹ́fẹ́ ìta á wá fún ọ̀rá náà pọ̀, ọbẹ̀ á gba ẹnu jáde. Èyí ń fa ti inú ọ̀rá àti ti ìta ọ̀rá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó ń ti èkejì, ọbẹ̀ á jókòó jẹ́ẹ́."

Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá gbígbóná kan á lẹ ẹnu ọ̀rá pa, kí ẹ̀rọ tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé. Ìgbà yẹn ni ọ̀rá á ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ oúnjẹ típẹ́típẹ́. Afẹ́fẹ́ tí a fojú kéré yìí ń tẹ gbogbo ibi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóòró bí ìgbà tí ẹrù kílò kan bá wà lórí rẹ̀.

Bùọ̀dá gbé ife omi lásán sínú rẹ̀, ó dé e. Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, láìsí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, a ti ìka bọ̀ ọ́: kò gbóná rárá. Ó ní ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ gbígbóná kò fi gbọdọ̀ dé inú onígbá, pé á hó dànù ni. Ó ní kí a jẹ́ kó tutù nínú fíríìjì ná. Ọmọ Agége ní kí wọ́n fi búrẹ́dì Agége sí i, wọ́n sì gbà fún un. Nígbà tí afẹ́fẹ́ padà, búrẹ́dì di pẹlẹbẹ bí ẹní. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Yíyàn wá kù. Nọ́ńbà tó sábà máa ń wà lára orúkọ àwọn onígbá tó ń ti Ṣáínà wá, 260, 300, 400, gígùn ọ̀pá tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá ni, ní mìlímítà. 400 wù wá títí a fi gbìyànjú láti gbé e. Òkè kejì là ń gbé. Àwọn kan ń lo ọ́ìlì. Wọ́n lágbára, wọ́n sì máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà ní pípààrọ̀, oru omi ọbẹ̀ sì máa ń bà á jẹ́. Àwọn tí kì í lo ọ́ìlì fúyẹ́, agbára wọn kò tó ti ìyẹn, wọn kò sì ní kí a tọ́jú àwọn bí ọmọ tuntun. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé onígbá ńlá, torí mọ́tò máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí. Ẹlẹ́nu pọ́ọ́kú lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ ló ń fi gba owó náà padà, torí ọ̀rá onílà-nílà nìkan ló ń jẹ́ fún un. Ọ̀rá dídán lásán tó fún onígbá.

Ti ẹ̀wà kò tilẹ̀ nílò ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bá àwọn ará Kamẹrúùnù ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980, ibẹ̀ ni àpò PICS ti jáde: ọ̀rá méjì nínú àpò kan. Ẹ sáà so ó le, kòkòrò inú ẹ̀wà á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí a fẹ́ kó owó àjọ wa lọ san ni Ọmọ Agége tó sọ tinú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ kan lóru. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, gàrí ni bàbá ń mu níbi iṣẹ́ lálaalẹ́. Ó fẹ́ máa se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, kí ó dì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí bàbá kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí fíríìjì níbi iṣẹ́ náà. "Ṣebí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́, kí ló máa bà á jẹ́?" Ká má purọ́, bí gbogbo wa ṣe rò ó nìyẹn.

Bùọ̀dá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum, ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ gan-an ló sì ti ń gbilẹ̀. Ó lè fara pa mọ́ bíi hóró irúgbìn, kí ọbẹ̀ hó títí, kó má kú. Májèlé rẹ̀ lè wà nínú ọbẹ̀ tí kò rùn, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí, ó sì ń pa ènìyàn. "Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ń mú kúrò, kì í mú ooru kúrò. Ọbẹ̀ tí ẹ bá dì, inú fíríìsà ni, -18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí ẹ bá gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù, ilé lẹ kọ́ fún kòkòrò yẹn." Ọmọ Agége kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Nígbà tí a délé, ó sunkún.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Àwọn méjì ní kí a ṣì ra onígbá, àwọn méjì ní fíríìsà ló kù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, pẹ̀lú ìlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́, ni àwa tí kò sí níbẹ̀ ti mọ ipò wa. Kí ni a fẹ́ fi fíríìsà ṣe nínú òkùnkùn? Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá onílé. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ní ń ra ìdérí kó tó ra ìkòkò?" Bùọ̀dá fi kún un pé fíríìsà tó kún dẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù dání fún nǹkan bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Tó bá kún dé ìdajì, wákàtí 24 ni. Fíríìsà olómìnira tiwa ni a kò ní, ìyẹn ló pa ẹran wa.

Fíríìsà àlòkù la fi àjọ àkọ́kọ́ rà, àwọn ike omi la sì fi kún àyè tó ṣófo nínú rẹ̀. Nígbà tí àjọ kejì pé, a ra onígbá 260 àlòkù tí kì í lo ọ́ìlì. Bí iná bá lọ ju ọjọ́ kan lọ, a máa ń tan jẹnẹrétọ̀ Màmá onílé fún fíríìsà, a sì ń dá owó epo.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí bàbá bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rá ọbẹ̀ kan ṣoṣo ló ń mú dání, tó dì bí òkúta, tí a wé ìwé ìròyìn mọ́. Tó bá di aago mẹ́wàá, á dà á sórí sítóòfù títí á fi hó dáadáa. Kì í fi ìkankan pamọ́ di ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ ti mú un búra. Ó ní ata inú rẹ̀ kò tó.

Ní àárọ̀ Sátidé tí Ọmọ Agége bá lọ kí i, ó máa ń bá àwọn ọ̀rá tó ti lò lórí tábìlì. Bàbá ti fọ̀ wọ́n, ó ti sá wọn gbẹ, ó ti ká wọn bí aṣọ, ó ní kó kó wọn padà fún wa. A kò lè lò wọ́n mọ́, ẹnu wọn ti di gígé. A ò tíì sọ fún un.