Ọmọ Tó Ti Oko Ẹrú Dé

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá ní ká gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí wọ́n kó ṣòwò ẹrú, àmín wa kì í kéré. A ó dìde dúró, a ó nawọ́ sókè, a ó pàṣẹ kí iná jó gbogbo ajẹ́ńtì run. Àmọ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dé, kó wá jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn wa á yàtọ̀. Kí ló lọ ṣe ní Líbíà gan-an? Ta ló mọ ohun tó gbé bọ̀ lára? Kí ọmọ mi má bá a rìn o. Bí wọ́n ṣe ń tan ọmọ lọ, a ti gbọ́ ọ yó lórí rédíò. Ti ọmọ tó padà dé ni mo fẹ́ ká jọ sọ.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí Yorùbá. Gbogbo wa la mọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther mọ́ Bíbélì tí a ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ wa pé ọmọ tí wọ́n kó ṣòwò ni bàbá yìí. Nǹkan bí ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí àwọn jagunjagun kọlu Òṣóògùn ní 1821. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n da òwò náà rú, wọ́n tún ọmọ náà tà. Ó ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tábà àti ọtí wà nínú ohun tí wọ́n gbà lórí rẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ayé ìgbà yẹn ti kọjá lọ, ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé àwòrán ìwé ìrìnnà obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sórí Facebook, ó ní òun fẹ́ tà á ní 1,000 dọ́là. Ọpẹ́ ni pé ọwọ́ ìjọba ibẹ̀ tẹ ọkùnrin náà, obìnrin náà sì padà wálé.

Ọjọ́ keje oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Myrmidon gba Ajayi àtàwọn ẹrú yòókù sílẹ̀ lójú òkun. Ẹ bá mi dúró síbí díẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé wọ́n ti gba àwọn là. Ajayi fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà táwọn wọ ọkọ̀ náà, àwọn rí ẹran tí wọ́n so kọ́, awọ rẹ̀ funfun. Wọ́n gbà pé ẹran ara ọ̀kan nínú àwọn ni. Wọ́n rí ọta àgbá róbótóróbótó nílẹ̀, wọ́n ní orí èèyàn ni. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ẹran yẹn tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ọkàn wọn tó rọ̀ díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dòní. Ọmọ tó ti Ómáànì dé lè má jẹ oúnjẹ yín. Ó lè máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ra lọ́sàn-án gangan, kó máa fò sókè bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, kó parọ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ má pè é ní aláìmoore. Ẹni tó tà á náà pè é ní "ọmọ mi." Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti kúnlẹ̀ bá a gbàdúrà kó tó wọ ọkọ̀. Àwọn míì tún ti mu ìmùlẹ̀ níwájú ojúbọ pé àwọn kò ní tú àṣírí máàdáàmù tó ń kó wọn ṣòwò. Ìdí nìyẹn tí Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Bìní fi jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta 2018, tó gégùn-ún fún àwọn tó ń fi irú ìmùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ de ọmọbìnrin mọ́lẹ̀, tó sì kéde pé ìmùlẹ̀ náà ti tú. Mo mọ̀ pé ara àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì kì í gba irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rù fi so, ẹni tí ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún ló ń bá a tú u.

Kí ni àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) wá ṣe fún Ajayi? Ní abúlé Bathurst lẹ́yìn Freetown ní Sàró, níbi tí wọ́n mú un lọ lẹ́yìn ìdáǹdè, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n jẹ́ kó dàgbà. Nígbà tí wọ́n dá ilé ìwé Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó di olùkọ́, ó fẹ́ Asano, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ọdún 1837 ló tó kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un sínú lẹ́tà. Ó ti di géńdé, ó ti di tíṣà, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá lórí ìdáǹdè rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ní ìjọ kan tí mo mọ̀, ọjọ́ àjọ̀dún àwọn obìnrin ni wọ́n pe ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síwájú kó wá jẹ́rìí. Fóònù ti gbéra, fídíò ti ń lọ. Ọmọ náà gba máìkì, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́," ó dá a padà. Ìyá kan lẹ́yìn mi ní, "Kò tíì sọ ọ́ tán, ó ń fi nǹkan pamọ́." Lọ́sẹ̀ kejì, a ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìjẹ́rìí tí a fipá gbà lẹ́nu ọmọ, òwò la tún ń fi ojú rẹ̀ ṣe. Ẹ lọ ka Máàkù orí karùn-ún, níbi tí Jésù ti jí ọmọbìnrin Jáírù. Ó lé èrò síta, ó mú bàbá àti ìyá ọmọ wọlé. Nígbà tí ọmọ dìde, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, ó ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tó fi jí ọmọ yẹn, Talitha Kum, ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì fi ń jẹ́ láti 2009, wọ́n sì ti tàn ká ayé. Wọ́n ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní aṣojú, wọ́n ń kọ́ wọn kí wọ́n lè la ẹgbẹ́ wọn lóye. Nítòsí wa, ní Èkó, Sister Patricia Ebegbulem ti ìjọ Sisters of St Louis ló wà nídìí Bakhita Villa, ilé tí àwọn ọmọbìnrin tó padà dé ti ń sinmi, tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ ẹbí. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2023. Orúkọ Josephine Bakhita ni wọ́n fi sọ ilé náà, ọmọ Sudan tí wọ́n jí gbé ní kékeré, tí ìpayà mú kó gbàgbé orúkọ àbísọ rẹ̀, tó sì di ẹni mímọ́. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, ọjọ́ tó kú ní 1947, ni ìjọ Kátólíìkì fi ń gbàdúrà lórí òwò ẹrú yìí lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ ọwọ́ dára, n kò bá a jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó jọ pé a ti gbà láàárín ara wa pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni òpin ọmọ tí wọ́n bá ti tà rí. A ó ra ẹ̀rọ fún un, a ó ya fọ́tò, ó parí. Ká ní káfíńtà nìkan ni wọ́n rò pé ó tó Ajayi, ta ni ì bá jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864? Ẹ fi ọmọ náà sínú ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́ kíláàsì Ìsinmi, kó ṣe akọ̀wé, kó mú owó lọ́wọ́ kó sì jíyìn. Kí ẹ sì fara mọ́ ọn bí ó bá di olórí tán. Ẹ rántí pé ìtìjú ni wọ́n fi san án fún Crowther lọ́jọ́ ogbó: ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí CMS rán wá tàbùkù rẹ̀ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, wọ́n ń yọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Ó kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891.

Nínú ilé wa ńkọ́? Ẹ̀kọ́ kan wà tí a fi ń ṣe yangàn, pé ọmọ wa kì í gbó àgbà lẹ́nu. Òun gan-an ni ajẹ́ńtì ń lò. Ọmọ tí kò lè bi àgbà pé, "Ma, ta ni à ń lọ bá, kí sì ni orúkọ iléeṣẹ́ náà?" ti wọ ọkọ̀ tán. N kò ní kí ọmọ ya aláfojúdi. Ó lè kúnlẹ̀ kó sì béèrè. Kó mọ̀ pé bí àǹtí bá ní "má sọ fún mọ́mì," mọ́mì ló máa kọ́kọ́ sọ fún. Inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni aṣáájú tí à ń wá yóò ti jáde.

Ọmọ ọ̀dọ̀ wa wà níbẹ̀ náà, èyí tí wọ́n mú wá láti Kútọnu tàbí láti abúlé, tó ń jí ṣáájú wa láti wẹ ọmọ tiwa fún ilé ìwé tí òun kò lọ, tí owó oṣù rẹ̀ ń lọ tààrà sápò ajẹ́ńtì. Àwọn àgbà ní ẹrú ní bàbá, ọ̀nà ló jìn. Ìyá Ajayi pàápàá, Àfàlà, ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 lórí òwò ẹrú yìí sì sọ pé ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ti dẹ́ṣẹ̀ tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ní Ìsinmi tó ń bọ̀, kí wọ́n tó ní ká nawọ́ sókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ilé ìdáná yín ná.

NAPTIP, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò yìí, ní nọ́ńbà tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́: 627. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì fi kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ yín náà.