Orin Tí A Kọ̀

Ó di ọdún mẹ́jọ báyìí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa tọ̀ wá wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì dúró láìsọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, orin kan wà tí màmá mi fẹ́ràn. Inú àwo orin bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìgbà èwe wọn, wọn a sì máa kọ ọ́ bí wọ́n bá ń dáná. Mo fẹ́ kí a kọ ọ́ fún wọn lọ́la." Ó tẹ fóònù náà, gìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò pẹ́ tó kí ènìyàn ka ẹní dé ẹ̀wá tí a fi ní kí ó pa á. A sọ fún un pé orin àwọn onígìtá ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò yẹ ní ojú òkú onígbàgbọ́, pé ìwé orin ìjọ wa kò ṣófo, kí ó lọ yan ọ̀kan níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ.

Ní òru ọjọ́ náà a jókòó láti múra ọ̀rọ̀ ìyànjú sílẹ̀. A ṣí Bíbélì sí orí kẹta Ìwé Oníwàásù, bí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ìjọ ti máa ń ṣe nígbà ìsìnkú, nítorí pé ibẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n nì ti to àwọn ìgbà ayé ní méjì-méjì, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 28, láti orí ìbí àti ikú títí dé orí ogun àti àlàáfíà. Ní òwúrọ̀ a kà á ketekete lẹ́bàá ibojì. Bí a ti ń kà á ni a rí i tí ọmọ náà gbé ojú sókè, tí ó tẹjú mọ́ wa, tí kò sì gbé e kúrò títí a fi parí. A rò pé ìbànújẹ́ ni. Ó di ọjọ́ kẹta kí a tó béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin pé kí ni orin ọjọ́sí ń sọ, òun sì dá wa lóhùn pé, "Tíṣà, ohun tí ẹ kà ní ibojì ni."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbọ́ orin yìí, tí a sì ń wádìí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Turn! Turn! Turn!, Pete Seeger ni ó sì ṣe é ní òpin àwọn ọdún 1950. Wàhálà ti bá ọkùnrin yìí. Ní 1955 ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pè é láti wá jíhìn nípa ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń bá rìn, ó sì kọ̀ láti dáhùn. Ní 1961 wọ́n dá a lẹ́bi nítorí àfojúdi náà, ṣùgbọ́n ní 1962 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fagi lé ìdájọ́ yìí. Ní agbedeméjì ìyọnu náà ni ẹni tí ń bá a tẹ orin rẹ̀ jáde sọ fún un pé òun kò lè ta orin ìfẹ̀hónúhàn mọ́, kí ó wá irú mìíràn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ ni Seeger fi dá a lóhùn. Kò rò ó pé ọ̀rọ̀ tí a ń kà lórí àga ìwàásù lè jẹ́ ìfẹ̀hónúhàn ju gbogbo èyí tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀ lọ. Tàbí bóyá ó rò ó.

Ohun tí ó fi kún ọ̀rọ̀ Bíbélì kò tó ẹ̀kúnwọ́. Ó yí ètò àwọn ìgbà náà padà díẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ yíyí nì ṣe ègbè láàárín wọn, ó sì fi ìbúra kan sí ìparí. Níbi ìbúra yìí ni ẹsẹ̀ wa ti kọ́kọ́ kọ̀. Oníwàásù fi ogun àti àlàáfíà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò bú ọ̀kan, kò yin èkejì, ó sì kọjá lọ láti béèrè èrè tí òṣìṣẹ́ ń jẹ nínú làálàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Seeger, nígbà tí ó dé ẹsẹ ìkẹyìn, mú àlàáfíà nìkan dúró láìsí ogun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì búra pé ìrètí rẹ̀ kò tíì sọnù. Ta ni ó fún un ní àṣẹ? A bínú sí i fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni a wá rántí ojú ọmọ nì. Àwa ti ka ìbí àti ikú ní ìwọ̀n kan náà fún ẹni tí ìyá rẹ̀ wà nínú pósí, a sì pa ìwé dé. Orin tí a kọ̀ ìbá ti gbèjà rẹ̀.

Judy Collins gbé orin náà sínú àwo rẹ̀ ní 1963, ní ọdún kan náà tí Marlene Dietrich kọ ọ́ ní èdè Jámánì. Toshi, aya Seeger, tilẹ̀ ṣe àwọn ẹsẹ mìíràn sí i fún àwọn ọmọdé; kí àwọn olùkọ́ kíláàsì kékeré fi èyí sọ́kàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá Judy Collins lu gìtá nígbà náà ni Jim McGuinn. Òun ni ó gbé orin yìí tọ ẹgbẹ́ The Byrds lọ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ní ìlú Los Angeles, ó sì fi gìtá oníná olókùn 12 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ó ń dún bí ẹni pé ọ̀pọ̀ agogo kéékèèké ni a ń lù papọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, 1965, ní àkókò Àdífẹ́ǹtì, orin náà gun orí gbogbo orin tí ń tà ní Amẹ́ríkà, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọdún náà fi parí, ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí ó wà ní Vietnam ju 180,000 lọ. Orin mìíràn tí ó dárúkọ ogun náà pọ̀, ogun náà sì parí ní 1975, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá a lọ. Èyí kò dárúkọ ogun kankan. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ojú ogun lè gbà á ní tirẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú sì lè gbà á. Síbẹ̀ ohùn rẹ̀ yá, ó dùn mọ́ ẹsẹ̀. Ènìyàn lè jó sí i kí ó tó mọ̀ pé omi ń bọ̀ lójú òun.

A gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yíyí nì kò fún wa ní ìyọnu, nítorí inú yí kan náà ni yípo àti yípadà ti jáde ní èdè wa: bí ọdún ti ń yípo, bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ó yípadà, àwa kò sì rò pé èdè mìíràn lè gbé orin yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ni ó dá wa lẹ́kun. Bí ohùn orin bá gbé e sókè, igbá ni. Bí ó bá tẹ́ ẹ, igba ni. Olóògbé Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti kọ̀wé lórí irú ìyọnu yìí ní 1953. Nígbà tí àwọn akọrin wa dé ibi ìgbà ẹkún, ọmọ kan béèrè pé, "Tíṣà, igbá mélòó ni ẹkún náà kún?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, a sì fi í sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Seeger kú ní 2014, ní ẹni ọdún 94. Ọmọ náà ti di ọkùnrin, Ìbàdàn ni ó sì ń gbé. Ní oṣù tí ó kọjá a kọ̀wé sí i, a tọrọ àforíjì, a sì sọ fún un pé bí ó bá fẹ́, ẹgbẹ́ akọrin yóò kọ orin náà ní ọjọ́ ìrántí ìyá rẹ̀. Èsì rẹ̀ kò gùn. Kò sọ ohunkóhun nípa àforíjì. Ó béèrè bóyá ti Seeger ni a ó kọ tàbí ti àwọn onígìtá olókùn 12, nítorí pé èyí tí màmá òun ń kọ ní ìdí ààrò yá ju ti Seeger lọ, kò sì yá tó èkejì. A ti gbọ́ méjèèjì ní àgbọ́túngbọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, a kò sì rí èyí tí ó rí bẹ́ẹ̀. A ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá ní Sátidé, kí ó kọ ọ́ fún wa bí ìyá rẹ̀ ti ń kọ ọ́.