Iná Ẹ̀yìn Mọ́tò Tó Ń Tàn Bàìbàì

Iná ẹ̀yìn mọ́tò tó kú pátápátá kò ṣòroó mọ̀. Awakọ̀ á pààrọ̀ gílóòbù, ọ̀rọ̀ á bùṣe. Èyí tó ń tàn bàìbàì ló léwu jù, nítorí ẹni tó bá wò ó fìrí á ní ó ṣáà ń tàn. Bẹ́ẹ̀, awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn lóru kò ní tètè rí ọkọ̀ náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan, kó kọ́kọ́ fi iná ọ̀tún wé tòsì. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, bátìrì tàbí ọ́tánétọ̀ ni kó fura sí: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà á ka nǹkan bíi fóòtì 13.5 sí 14.5 lórí bátìrì ọ̀pọ̀ mọ́tò. Bó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo, apá yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ike rẹ̀ lè ti ṣú, omi lè ti wọnú rẹ̀, gílóòbù sì lè ti dúdú. Gílóòbù mìíràn ní okùn iná méjì, ti wáàtì 5 fún alẹ́ àti ti wáàtì 21 fún búréèkì. Ẹni tó bá fi olókùn kan rọ́pò rẹ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀.

Àmọ́ ibi tí àrùn yìí máa ń fara pamọ́ sí jù ni ọ̀nà àbọ̀ iná. Bí iná bá ti bátìrì dé gílóòbù, ara irin mọ́tò ló ń gbà padà. Wáyà kan tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ irin nítòsí búùtù ló so gílóòbù mọ́ irin náà. Òun làwọn rewáyà ń pè ní earth. Mọ́tò tó ti rìn lórí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà yìnyín, ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, kó tó di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìdí bóòtù yẹn lè ti dípẹtà. Nínú ilé gílóòbù pẹ̀lú, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé á ti bo ẹnu irin tó yẹ kó máa dán.

Àmì rẹ̀ kì í fara sin. Bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì, iná alẹ́ á tún rẹlẹ̀ sí i, tàbí kí tráfíkétọ̀ máa mú àwọn iná yòókù ṣẹ́jú. Iná tí kò rọ́nà lọ ló ń gba inú gílóòbù mìíràn kọjá. Láti mọ̀ dájú, kí wọ́n tan iná náà, kí wọ́n fi wáyà dúdú mítà kan nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí wọ́n fi pupa kan ẹnu earth nínú ilé gílóòbù. Bó bá ju fóòtì 0.2 lọ, ọ̀nà àbọ̀ ti dí. Fóòtì kan àti díẹ̀ tó sọnù kì í ṣe kékeré: bí 12 bá di 10.8, ìmọ́lẹ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní mítà lè fi wáyà kan so ẹnu earth náà mọ́ irin mọ́tò tó mọ́. Bí iná bá tàn yòò lójú ẹsẹ̀, ẹjọ́ ti parí.

Sáńpépà, bóòtù tó fún dáadáa àti gírísì díẹ̀ ló máa ń tó tún un ṣe. Kí awakọ̀ má ṣe fi gílóòbù tó lágbára ju ti mọ́tò náà lọ bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀ o. Ooru rẹ̀ lè yọ́ ike, ẹnu earth tó dípẹtà á sì máa gbóná sí i.