Ìkùn Iná Nínú Ẹ̀rọ Orin

Nígbà tí owó Údójì jáde ní ọdún 1975, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó fi í ra ẹ̀rọ orin. Ẹni tí ó bá wọ pálọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò rí bí a ti tò wọ́n léra bí àwo oúnjẹ: sitẹbiláísà nísàlẹ̀, ampilifáyà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ àwo orin lórí ampilifáyà, aṣọ funfun tí a fi òwú hun lórí gbogbo rẹ̀. Ìtò náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ohùn rẹ̀ sókè kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo, a óò gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kùn hùn-ùn bí ilé oyin. Onílé a ní, "Iná ni," a sì gbà á bẹ́ẹ̀ bí ẹni gba ọyẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Iná ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a gbé ẹrù sí ni iná bá wọlé.

Iná tí ń wọ ilé wa kì í ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo bí odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ́nù pé bí agbára òòfà bá ń yí padà lẹ́bàá wáyà, iná yóò dìde nínú wáyà náà láìjẹ́ pé nǹkan kan fara kàn án. Lórí ìmọ̀ yìí ni tiransífọ́mà dúró, tiransífọ́mà sì wà nínú ampilifáyà, ó wà nínú sitẹbiláísà. Díẹ̀ nínú òòfà rẹ̀ a máa jò síta. Ẹ wá wo ohun tí a gbé lé e lórí: ẹ̀rọ tí wáyà tín-ín-rín wà ní ìdí abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ wáyà náà kò sì ju kí ó máa fetí sí òòfà lọ! Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òòfà tí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ń mì àti èyí tí ń jò wá láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

Iná tí ìdí abẹ́rẹ́ ń mú jáde kò ju nǹkan bí mílífólítì 5 lọ, nígbà tí ti ara ògiri jẹ́ fólítì 230. Ampilifáyà ní láti sọ ohùn kékeré yẹn di ńlá ní nǹkan bí ìlọ́po 100 kí ó tó lè bá ohùn rédíò dọ́gba. Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Àwọn tí ń tẹ àwo orin a máa dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ipa abẹ́rẹ́ má baà fẹ̀ jù. Ampilifáyà ni yóò dá ohun tí a dín kù padà. Ní ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ní Amẹ́ríkà fi ẹnu kò sí ní ọdún 1954, ohùn tí ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni a ń gbé ga ju ohùn àárín lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 7. Iye yẹn gan-an sì ni ti ìkùn iná. Àfi bí ẹni tí ó dìídì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Bàbá kan wà ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ẹ̀rọ Údójì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni ó lu ìyáàlù dùndún nínú àwo kan tí ẹgbẹ́ kékeré kan ṣe ní ọdún 1978. Onílù náà ti dolóògbé. Àwo kan ṣoṣo ni ó kù nínú ẹbí, bí abẹ́rẹ́ bá sì ti gba orí rẹ̀ kọjá ni ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹbí wá pinnu pé kí a dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó bàjẹ́.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná ni ibì kan nínú àwo ọ̀hún tí orin dákẹ́, tí ìyáàlù nìkan ń ki obìnrin kan. Àwọn ọmọ ìyá Bàbá ní Àdùkẹ́, ìyá àwọn, ni ó ń kì. Àwọn ọmọ ìyálé ilé ní rárá, Àjọkẹ́, ìyá tiwọn ni. Kí ni ìyàtọ̀ orúkọ méjèèjì lẹ́nu ìlù? Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ni ó ní. Àdùkẹ́ jẹ́ ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Àjọkẹ́ jẹ́ ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Sílébù kejì nìkan ni ó yà wọ́n, ibẹ̀ gan-an ni ìkùn iná sì bo ìlù mọ́lẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rín, nígbà mìíràn láìsí ẹ̀rín.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ ti gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà yọ ìkùn náà. Ó gé ohùn tí ń mì ní ìgbà 50 kúrò, ó gé ti 100, ó gé ti 150. Ìkùn lọ, ṣùgbọ́n ó mú ìsàlẹ̀ ìlù lọ pẹ̀lú, ìyáàlù wá ń dún bí ẹni ń lu agolo. Ẹlòmíràn ní kí Bàbá lọ ra ampilifáyà tuntun. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ilé ẹ̀rọ yìí tò."

"Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ó wà kí wọ́n tó bí ọ."

"Mo mọ̀, Bàbá. Òun ni ó ń kùn sí yín láti ìgbà náà."

Ó yí ampilifáyà sí ojú rédíò, ìkùn dákẹ́. Ó yí i padà sí ojú àwo orin, ìkùn dé. Èyí fi hàn pé ara ampilifáyà le, ọ̀nà àwo orin ni àìsàn ti ń wọlé. Ó gbé ọwọ́ abẹ́rẹ́ sókè, ó rọra ń tì í lọ sí àárín láìjẹ́ kí ó kan àwo. Bí ó ti ń sún mọ́ apá tí tiransífọ́mà wà lábẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìkùn ń ga. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rọ àwo náà kúrò lórí ampilifáyà, ìkùn sì rẹlẹ̀ kí ó tó rí ibi gbé e lé. Òòfà tí ń jò lára tiransífọ́mà kì í rìn jìnnà: bí a bá sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Kò sí ọjà tí a lè fi owó rà tí ó ṣiṣẹ́ tó ìgbésẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́.

Bàbá béèrè bí a bá fi páànù bò ó ńkọ́. Ọmọkùnrin náà ní páànù aluminíọ̀mù kò lè dá irú òòfà yìí dúró. Irin ni ó lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, àyè sì sàn ju irin lọ. Wọ́n gbé sitẹbiláísà lọ sí igun yàrá kejì. Ampilifáyà bọ́ sí apá òsì, ẹ̀rọ àwo bọ́ sórí àpótí igi ní apá ọ̀tún, débi tí wáyà tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ gùn mọ. Wọn kò so wáyà mìíràn mọ́ ọn, nítorí bí wáyà yìí bá gùn jù, ohùn òkè ni yóò jìyà rẹ̀. Wáyà iná àti wáyà ohùn tí a ti dì pọ̀ bí ọwọ̀ láti ọjọ́ yìí ni wọ́n tú sọ́tọ̀. Níbi tí wọn kò ti lè ṣe kí wọ́n má pàdé, wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan dábùú èkejì.

Ìkùn kékeré kan ṣì kù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó so irin ẹ̀rọ àwo mọ́ ẹ̀yìn ampilifáyà ti já, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó já. Wọ́n dè é padà. Nígbà tí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn ni ìkùn tún padà dé, nítorí pé ṣaja kọ̀ǹpútà wà lára ògiri kejì, iná sì rí ọ̀nà yípo láti ara ògiri kan dé èkejì gba inú wáyà ohùn. Wọ́n yọ ṣaja, kọ̀ǹpútà ń lo bátìrì ara rẹ̀, ó parí. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gé ẹsẹ̀ áàtì kúrò lára pílọ́ọ̀gì láti mú irú ìkùn yìí kúrò. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe rárá. Áàtì ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ ikú ọjọ́ tí iná bá jò sára irin.

Wọ́n pa fáànù, nítorí pé rẹgulétọ̀ rẹ̀ ń hó bí epo gbígbóná. Wọ́n kó fóònù alágbèéká gbogbo lọ sí ìta. Láti ọdún 2001 tí GSM ti dé sí Nàìjíríà ni ohùn tí-tí-tí rẹ̀ ti ń wọnú sípíkà wa, kí ìpè tó dé gan-an. Ẹ̀fẹ̀ ni ó dà lójú ìyàwó ilé: gbogbo ẹbí jókòó nínú ooru, iná wà, fáànù dúró.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Orin dákẹ́, ìyáàlù sì dá sọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ìyálé kò pariwo. Ojú Bàbá ni wọ́n ń wò.

"Àjọkẹ́ ni," ni Bàbá wí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún fọhùn. "Àwọn ni wọ́n ra ìlù náà fún un. Ìyá wa kò fẹ́ kí ó ṣe onílù."

Kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú ìyá náà ni wọ́n fẹ́ dà kọ tẹ̀lé e. Etí òòfà ni ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì náà fi ń gbọ́ràn, nítorí náà orí àga tirẹ̀ ni ó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó jìnnà sí ampilifáyà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Wọ́n sì ti kó kásẹ́ẹ̀tì kúrò lórí sípíkà, kí òòfà ńlá ìdí rẹ̀ má baà pa ohun tí ó kù nínú wọn rẹ́.