Láti Costain dé òkè Jos: Ẹ yẹ àpò ìsùn wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó

Bẹ́ ẹ bá dúró ní Costain nírọ̀lẹ́, níbi tí ọkọ̀ Apapa, ti Surulere àtèyí tó ń bọ̀ láti orí Eko Bridge ti ń pàdé, ẹ ò ní í ronú òtútù rárá. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ló fún ibẹ̀ lórúkọ. Tíátà Igánmú, tí wọ́n fi sọrí Wọlé Ṣóyínká lọ́dún 2024, ò jìnnà síbẹ̀.

Nínú ooru yẹn lèmi àtọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí àpò ìsùn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta òkìríkà. Ọmọ náà àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fẹ́ lọ gun òkè Shere nítòsí Jos ní Disẹ́ńbà, kí wọ́n sì so ibùsùn aláṣọ mọ́ igi sùn níbẹ̀. Ontajà ní, "Mọ́mì, òtútù kankan ò lè wọ èyí." Mo ní kó jẹ́ n ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀.

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Èyí tó ga jù ni ìwọ̀n òtútù téèyàn ti lè sùn wọ̀ọ̀. Èyí tó kéré ni ibi tí ọkùnrin tára ẹ̀ le lè fara dà á dé. Èyí tó ga ni kẹ́ ẹ fi rajà. Lásìkò ọyẹ́, òru Jos lè já sí ìwọ̀n 10, tàbí kó dín. 15 ni wọ́n kọ sára èyí tá a rí, la bá fi sílẹ̀.

Ẹ tún béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìyẹ́ fúyẹ́, ó sì ń móoru, àmọ́ bó bá tutù, kò wúlò mọ́. Òwú àtọwọ́dá wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbìyànjú bí omi bá kàn án.

Ẹni tó bá sùn sórí ibùsùn àsomọ́gi ní láti tẹ́ fóòmù sábẹ́ ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ á tẹ òwú ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ, atẹ́gùn á sì máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbàlagbà tó da aṣọ méjì bora, tó sì sùn sórí símẹ́ǹtì lásán: ìsàlẹ̀ ni òtútù ti ń mú un. Ẹ tẹ́ ẹní tó nípọn fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé ìkòkò eléèédú wọ inú àgọ́ tàbí yàrá tẹ́ ẹ tì pa. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Ẹ má sì fi ọmọ ọwọ́ sínú àpò àgbà, ó lè bo imú rẹ̀. Bí òtútù bá mú àgbàlagbà débi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ tàbí tó ń ṣìnà sọ̀rọ̀, ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára ẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Ọmọ wa yá àpò tó dáa lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó tẹ́ fóòmù sábẹ́ ẹ̀yìn, ó sì padà wálé láìwúkọ́. Ire o.