Kíláòdù àti Mítà Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kò Rí

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó bá ń wá iṣẹ́ lóde òní kò ní pẹ́ rí i pé àwọn agbanisíṣẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè lo AWS, Azure tàbí Google Cloud. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi ń sọ fún ọmọ kíláàsì wọn pé kí wọ́n lọ ṣí àkáǹtì, kí wọ́n tan ẹ̀rọ kan, kí wọ́n sì gbé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn "ẹ lọ ṣí àkáǹtì" ní gbèsè nínú, ẹni tó sì ń sọ ọ́ kì í sábà dárúkọ gbèsè náà.

Orúkọ nǹkan náà pàápàá ń tan ènìyàn jẹ. Àwọsánmà ni kíláòdù túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun lójú ọ̀run. Ilé ńláńlá ni, tí kọ̀ǹpútà kún inú wọn bámúbámú, ní Virginia, ní Ireland, ní Johannesburg, ní Cape Town, tí àwọn oníṣòwò fi ń háyà fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Amazon bẹ̀rẹ̀ òwò yìí ní ọdún 2006: ní oṣù kẹta ni wọ́n gbé S3 jáde fún ìpamọ́ fáìlì, ní oṣù kẹjọ ni EC2 tẹ̀lé e fún ẹ̀rọ tí ènìyàn lè yá. Ọdún 2010 ni Azure ti Microsoft ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Ilé ti Amazon ní Cape Town ṣí ní 2020. Ẹni tó bá ṣì rò pé inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, kí ó rántí oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun lẹ́bàá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Nàìjíríà, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ẹni tó ti háyà àga àti àtíbàbà fún òde rí ti mọ òfin ibẹ̀. Bí àlejò bá ti lọ tán, tí àga ṣì wà lágbàlá, owó ń ka. Bóyá ẹnikẹ́ni jókòó sórí rẹ̀ tàbí kò jókòó, ìyẹn kò kan alága. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kíláòdù rí, àmọ́ wákàtí tàbí ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀.

Àfiwé mìíràn tún wà tó súnmọ́ ilé ju ìyẹn lọ. Ní Nàìjíríà, oríṣi ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà san owó iná. Mítà àsansílẹ̀ wà: owó tó wà lórí rẹ̀ bá tán, iná a kú, ọ̀rọ̀ a parí síbẹ̀. Bíìlì ìparí oṣù náà sì wà, tí ènìyàn yóò ti lo iná tán kí ó tó mọ iye tó jẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú kejì yìí ni àkáǹtì kíláòdù jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tan ẹ̀rọ ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó pa kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ dé, ó lọ sùn. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ rẹ̀ ló kú. Èyí tó wà ní Virginia kò kú.

Kí ìṣirò ṣe àlàyé yìí. Ẹ̀rọ kan wà tí Amazon ń pè ní g4dn.xlarge, tí àwọn tó ń kọ́ nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá fẹ́ràn nítorí GPU tó wà nínú rẹ̀. Ní Virginia, 0.526 dọ́là ni wákàtí kan. Lójú ọmọ ogún ọdún, kí ni ìdajì dọ́là? Ṣùgbọ́n wákàtí 720 ló wà nínú ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan, ó ti di dọ́là 378 ó lé díẹ̀. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, gbèsè náà ju 568,000 náírà lọ. Láti ọdún 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Oṣù mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ni bàbá tàbí ìyá tó ń gba owó yẹn yóò fi ṣiṣẹ́, láìjẹun, láìwọkọ̀, kí ó tó rí owó ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé láti pa.

Èyí tó tún le jù ni pé ẹni tó rántí pa á pàápàá lè má tíì bọ́. Dídá ẹ̀rọ dúró yàtọ̀ sí pípa á rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dúró, díìsìkì tí fáìlì rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò dúró, owó ìpamọ́ ń lọ. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Amazon ń gba 0.005 dọ́là ní wákàtí kan lórí àdírẹ́sì IPv4 ìta kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́n ń lò ó tàbí wọn kò lò ó. Nǹkan kan tún wà tí wọ́n ń pè ní NAT gateway, tí àwọn fídíò ìkọ́ni máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kún iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ní Virginia, 0.045 dọ́là ni wákàtí rẹ̀, èyí tó ń lọ sí dọ́là 32 lóṣù, kódà bí dátà kankan kò bá gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n tan ẹ̀rọ sí agbègbè kan, tí wọ́n padà wá wò ó lójú ewé agbègbè mìíràn, tí wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, tí ọkàn wọn sì balẹ̀.

Olè náà kò gbẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì rẹ̀ sínú kóòdù, tó sì gbé kóòdù náà sí GitHub fún gbogbo ayé, ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹ̀rọ tí olè rán níṣẹ́ ń yẹ ojúlé náà wò tọ̀sán-tòru, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n sì lè ti tan ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá láti fi wa owó kirípítò lórúkọ ẹni ẹlẹ́ni.

Wọ́n á ní ìkìlọ̀ wà. Lóòótọ́ ni: ènìyàn lè fi iye kan lélẹ̀, kí wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i bí owó bá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ lásán kì í pa ẹ̀rọ, ó sì lè pẹ́ ní wákàtí mélòó kan kí ó tó dé. Ajá tó ń gbó ni, kì í ṣe ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì.

Ọ̀rọ̀ káàdì tún dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá lẹ́yìn náà. Ìgbà yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yá káàdì ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tàbí Houston. Ẹni tó yá ọmọ ní káàdì rò pé dọ́là kan tí wọ́n fi ń dán káàdì wò ni gbogbo rẹ̀. Kò mọ̀ pé mítà ni òun so mọ́ ilé òun.

Ọ̀nà tó sàn wà, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ọ́n kí ó tó dárúkọ káàdì. Azure ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 100 dọ́là láìgba káàdì, bí owó náà bá sì tán, iṣẹ́ dúró. Google ń fún ẹni tuntun ní 300 dọ́là fún 90 ọjọ́. Káàdì ni wọ́n fi ń mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà láti di oníbàárà tó ń sanwó. Amazon pẹ̀lú yí ọwọ́ padà ní oṣù keje ọdún 2025: ẹni tó bá mú ètò ọ̀fẹ́ wọn yóò ní oṣù mẹ́fà tàbí títí owó ẹ̀bùn yóò fi tán, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Mítà àsansílẹ̀ nìyẹn, ó sì pẹ́ kó tó dé.

Àmọ́ ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ ni Azure máa ń fi mọ akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dun ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tó lè gba owó ìforúkọsílẹ̀ lórí ayélujára láìfi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀, kí ló dé tí kò lè fún ọmọ tó san án ní àdírẹ́sì ímeèlì tó ń ṣiṣẹ́?

Kò sì pọn dandan kí gbogbo ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ àyálò. Linux, Docker àti ìmọ̀ nípa bí sáfà ṣe ń dáhùn ìbéèrè, gbogbo wọn ni ènìyàn lè kọ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, láìná ju epo jẹnẹrétọ̀ lọ (epo náà kò kúkú dínwó). Nígbà tí ó bá wá tó àkókò àkáǹtì, ojú ewé bíìlì ló yẹ kí kíláàsì kọ́kọ́ ṣí, kí wọ́n kọ́ bí a ti ń kà á, kí wọ́n fi ìkìlọ̀ sí dọ́là kan, kí wọ́n sì fi ìdáàbòbò onípele méjì sórí àkáǹtì. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde nílé ẹ̀kọ́, kí ó pa ohun tó tàn rẹ́ lójú olùkọ́. Olùkọ́ tó ń fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ó tan ẹ̀rọ, kí ó fún un ní máàkì kan náà nítorí pé ó pa á.

Bí bíìlì bá ti dé ńkọ́? Ohun tí ẹ̀rù máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ṣe ni kí wọ́n ní kí báńkì ti káàdì pa, kí wọ́n má sì wo ojúlé náà mọ́. Títi káàdì kò pa ẹ̀rọ kankan, owó ń gorí owó títí ilé-iṣẹ́ náà yóò fi ti àkáǹtì fúnra rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wọlé, kí ó yẹ gbogbo agbègbè wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó pa gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́, kí ó ya àwòrán ohun tó rí. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ̀wé sí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí òun ti pa. Kò sí òfin tó fi dandan lé wọn láti dárí gbèsè jì í, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, pàápàá bí lẹ́tà rẹ̀ bá dé kí bíìlì oṣù kejì tó jáde.