Ìgbà Tí Ìyá Ń Fi Ìró Bò Wá Lójú

Ẹni tó bá dàgbà ní Àgọ́ Aláyè, tàbí ní abúlé èyíkéyìí láàrin Odìgbó sí Ọ̀rẹ̀, kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn oṣù kọkànlá fún un. Kòkó á ti gbẹ lórí ẹní, òórùn kíkan rẹ̀ á gba gbogbo ojúlé, àwọn tó ń rà á á ti so ìwọ̀n kọ́, onígbèsè á máa san gbèsè, ẹni tó ń wáyàwó á máa dá ọjọ́, àwọn bàbá wa á sì máa gẹ fìlà. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn onítíátà máa ń mọ ọ̀nà ilé wa.

Ọdún 1979 ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣoṣà, gbé fíìmù Ayé jáde. Òun àti àwọn onítíátà ẹgbẹ́ rẹ̀, Adé Love àti Bàbá Sàlá, kì í jókòó sí Èkó kí wọ́n máa retí òǹwòran. Mọ́tò ni wọ́n ń kó ẹ̀rọ sinimá sí, gbọ̀ngàn ilé ìwé lónìí, òtẹ́ẹ̀lì lọ́la. Tí gbohùngbohùn orí mọ́tò bá ti ń ké bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, oúnjẹ ò ní wọ ọ̀fun ọmọdé mọ́. Tó bá dalẹ́, a ó ru àpótí ìjókòó, a ó tẹ̀lé àwọn àgbà. Jẹnẹrétọ̀ á máa bú lẹ́yìnkùlé, èéfín bẹntiróòlù á máa fẹ́ wọlé, àtùpà ẹlẹ́pà á máa ṣẹ́jú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀fọn á máa jẹ wá lẹ́sẹ̀, gbogbo ojú á sì wà lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri.

Eré àgbà ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ sílẹ̀ sílé? Bí àwọn àjẹ́ inú fíìmù Ayé bá ti yọ, ìyá mi á na ìró rẹ̀ bò mí lójú, ìró tó ń rùn àdí àti ẹja gbígbẹ. Mo ń gbọ́ igbe, n kò rí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìyá tí ogun abẹ́lé tó dé Ọ̀rẹ̀ ní 1967 ṣojú wọn mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń wò ṣeré. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìró ò bo tiwọn; iwájú bàbá ni wọ́n ń jókòó, tí bàbá bá ti wúkọ́, kálukú ti mọ̀ pé ilẹ̀ ló yẹ kóun máa wò. Ṣùgbọ́n níbi tí Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, bá ti ṣẹ́gun àwọn ìkà, ìyá mi á ká ìró kúrò: "Wò ó dáadáa. Ṣé o rí ibi tí ìkà ń já sí?"

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Ìyá mìíràn á ti sùn lọ, ìró mìíràn sì gbó débi pé ojú ń là á kọjá. Lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀, àwa ọmọdé a máa sá fún àwọn arúgbó opó àdúgbò, a ò ní gba iṣu sísun lọ́wọ́ wọn mọ́. Ìwà àìmọ̀kan ni, ó sì dun àwọn ìyá wọ̀nyẹn.

Lónìí ńkọ́? Láti 1993 ni òfin ti dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń kọ 12, 15 tàbí 18 sí i lára. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ti ti ilẹ̀kùn, fóònù wà lábẹ́ aṣọ ìbora. Ta ni yóò wúkọ́ fún un? 18 tí wọ́n kọ sí i gan-an ló ń pè é wá wò ó.

Ẹ wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọ́láyan, ọmọ Adé Love, gbé jáde ní 2022. Sàró ahunṣọ dé Ọ̀yọ́, agbára àtijí òkú dìde bọ́ sí i lọ́wọ́, ìgbéraga àti ojúkòkòrò sì bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì gbọ́ ni, àmọ́ èmi ò lè bá ọmọ-ọmọ mi jókòó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá níbẹ̀. Kí ló dé tí a ò fi ní gé ẹ̀dà kan fún wọn? Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe é: Saturday Night Fever ti 1977, wọ́n gé e, wọ́n sì tún gbé e jáde ní 1979 kí àwọn ọ̀dọ́ lè wò ó, Deadpool 2 náà, ní 2018. Ẹni tó bá sọ pé owó ni wọ́n ń wá, kò parọ́. Ṣé ọ̀fẹ́ ni Ògúndé ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ni?

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n má gé e ní òdì. Tí wọ́n bá yọ ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò kúrò, tí wọ́n tún yọ ẹ̀san mọ́ ọn kí ó má baà korò lẹ́nu ọmọ, owó, agbára àti agbádá nìkan ló máa kù. Ìyẹn burú ju èyí tí wọn ò gé lọ, nítorí ọmọ á gbà pé ìwà ìkà kì í lẹ́yìn. Ibi tí Sàró ti ṣubú, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin òbí òde òní, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù rẹ ọmọ lẹ́kún, ẹ má rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́rùn yín. Ẹ jókòó tì wọ́n. Fíìmù tí wọ́n gé kò lè bi ọmọ léèrè ohun tó rí kọ́ níbẹ̀.